Àtàǹpàkò Lórí Fọ́ọ̀mù

Yàrá tí wọ́n fún mi kò ju ilé ewúrẹ́ lọ,
ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ ilé-ìwé ló kọ́kọ́ ń gbé ibẹ̀.
Wọ́n kó ọkọ́ jáde, wọ́n kó mi wọlé,
wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn: AGBANINÍMỌ̀RÀN.
Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń gbọ́ ayùn Òkè-Àgbò
tó ń ké láti àárọ̀ títí aago mẹ́rin.

Fọ́ọ̀mù méjìlélọ́gọ́ta ló wà níwájú mi,
ti àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kẹrin.
Mo ṣí àkọ́kọ́: dókítà.
Mo ṣí ìkejì: dókítà.
Ìkẹta kọ lọ́yà, ó pa á rẹ́, ó kọ dókítà.
Bí gbogbo wọn bá di dókítà,
ta ni yóò ráyè ṣàìsàn ní Ìjẹ̀bú-Igbó?

Fẹ̀hìntọlá Ṣóbòwálé náà kọ dókítà,
ó fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́
bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bébà.
Mo ránṣẹ́ pè é. Mi ò bi í léèrè máàkì.
Mo ní, "Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò rán ọ níṣẹ́,
kí lojú rẹ máa ń wá kiri?"
Ó wolẹ̀, ó wòkè, ó fi bàtà fa ìlà sórí sìmẹ́ǹtì.
"Igi ni, sà."
"Igi báwo?"
"Bí wọ́n bá já gẹdú sílẹ̀ níbi iṣẹ́ bàbá mi,
kí ayùn tó kàn án,
màá ti mọ iye pákó tó wà nínú rẹ̀."

Bàbá rẹ̀ ń la igi.
Ìyá rẹ̀ ń gbàdúrà kí wọ́n là.
Èmi, wọ́n ní kí n máa la ọ̀nà,
ọ̀nà tí èmi alára ò tíì rìn dé òpin.

Mi ò ní purọ́, mo ti ṣi ọmọ kan lọ́nà rí.
Ọnàfówókàn, tó ń sọ̀tàn bí ẹní ń mumi.
Mo wo máàkì ìṣirò rẹ̀, mo taari rẹ̀ sí sáyẹ́ǹsì.
Ó jókòó ìdánwò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Mo pàdé rẹ̀ níjọ́sí ní garéèjì Ìjẹ̀bú-Òde,
ó kí mi, ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀.
Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá Fẹ̀hìntọlá dé,
ìyẹ̀fun igi kún ìpéǹpéjú rẹ̀.
"Olùkọ́, wọ́n ní ẹ ní kí ọmọ mi wá máa lagi."
"Rárá o. Mo ní kó kọ́ físíìsì, àti ìṣirò,
àti bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé kí wọ́n tó kọ́ ọ."
"Ṣé ẹ ní tíṣà tó ń kọ́ni ní àwòrán ilé?"
Mo dákẹ́. Èyí tá a ní ti lọ sí Kánádà.
"Ìjẹ̀bú-Òde ni yóò ti máa kọ́ ọ, ní Sátidé."
"Owó mọ́tò ńkọ́?"
Mo tún dákẹ́.

Ọmọ náà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ:
"Bàbá, afárá àná yẹn,
ẹ ní ogójì pákó ló máa mú wá.
Mo ní méjìdínláàádọ́ta.
Mélòó lẹ rí?"

Ọkùnrin náà yíjú sí ọmọ rẹ̀,
ó wò ó láti ìdí dé ṣóńṣó
bí ẹni tó ń wo gẹdú tí kò tíì là.
Kò dáhùn.
Kò mọ̀wé kọ; ó ki àtàǹpàkò bọ yíǹkì mi,
ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù.
Nígbà tó gbọ́wọ́, mo rí òrùka nínú òrùka,
bí ojú igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

Ọ̀rọ̀ owó mọ́tò ṣì wà nílẹ̀.
Ayùn Òkè-Àgbò tún ti bẹ̀rẹ̀.
Mo fa fọ́ọ̀mù mìíràn yọ: dókítà.
Mo ní kí wọ́n bá mi pè é wá.